Bọ́ọ̀lù ń kó èèyàn jọ, ó tún ń dá ìjà sílẹ̀: Ibo gan-an ni agbára rẹ̀ mọ?

Eré là á fọmọ ayò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Ẹni tó bá dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ì báà jẹ́ ní Mushin, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, yóò rí i pé ohun tí àwọn baba ńlá wa ń fi ọmọ ayò ṣe nídìí igi ni àwọn ọmọ wọn ń fi bọ́ọ̀lù ṣe lónìí. Mẹkáníìkì, tíṣà, oníṣòwò àti ọmọ iléèwé yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò sì ní í sí ẹni tí yóò béèrè ìlú tí ẹnì kejì rẹ̀ ti wá tàbí ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìwòran yìí kan náà ni ọ̀rẹ́ méjì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí Arsenal àti Chelsea, tí ọ̀rọ̀ yóò di ariwo, tí ariwo yóò di ẹ̀ṣẹ́, tí wọn yóò sì bá ara wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣé ohun tó ń so èèyàn pọ̀ ni bọ́ọ̀lù, àbí ohun tó ń tú wọn ká?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdáhùn kò ní láti lọ jìnnà. Nínú oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1970, ni ogun abẹ́lé parí ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Rangers sílẹ̀ ní Enugu, kò sì pẹ́ tó fi di ohun àmúyangàn fún àwọn Ígbò tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ lágbègbè wọn. Ní ìlú Ìbàdàn, IICC Shooting Stars ni ikọ̀ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ń yangàn. Àwọn ni ikọ̀ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n borí ikọ̀ Tonnerre ti ìlú Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, lọ́dún 1976.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Rangers àti Shooting Stars wá pàdé ara wọn nínú ìdíje yìí kan náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ̀yá ìjà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹnikẹ́ni kò sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Pẹ̀nárítì ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, Rangers ló borí, àwọn náà ló sì gba ife ọ̀hún lọ́dún 1977. Lójú ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn wọn nígbà náà, kì í ṣe ikọ̀ méjì péré ló ń figagbága, ẹ̀yà méjì ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ń yí lórí pápá ti gbé ọ̀rọ̀ tí ìbọn fi sílẹ̀ lọ́dún 1970 lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Nàìjíríà ló ń kojú Algeria nínú àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Christian Chukwu tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Rangers ni balógun ikọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Felix Owólabí àti aṣọ́lé wọn, Best Ògèdègbé, ti Shooting Stars wá. Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì wọlé, Lawal gbá ẹyọ kan, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo níṣojú Ààrẹ Shehu Shagari. Àwọn alátìlẹ́yìn tí wọ́n ń bú ara wọn ní 1977 ni wọ́n ń dì mọ́ ara wọn yìí, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì.

Kí ló yí padà? Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹwòran kò yí padà. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ló yí padà. Ibí yìí ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà. Bọ́ọ̀lù kì í dá ìfẹ́ tàbí ìkórìíra sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ààlà ló máa ń fà. Ẹni tó bá wà nínú ààlà di ará ilé, ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ di àlejò. Bí wọ́n bá fa ààlà náà sáàárín Ìbàdàn àti Enugu, aládùúgbò á di ọ̀tá. Bí wọ́n bá sì fà á yí gbogbo Nàìjíríà ká, ọ̀tá àná á di ọmọ ìyá.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù lórí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń pẹ̀tù sááwọ̀ wáyé lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ni ogun ti pín ilẹ̀ náà sí méjì, ìjọba wà ní gúúsù, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì fi ìlú Bouaké ṣe ibùdó wọn. Lọ́jọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, ikọ̀ wọn na Sudan pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan, wọ́n sì yege fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni Didier Drogba ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, tí wọ́n sì ń bẹ àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Nínú oṣù kẹta, ọdún 2007, àwọn tó ń jà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lọ́jọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún náà, ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar ní Bouaké, níbùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ gan-an, wọ́n sì na àlejò wọn ní àmì ayò márùn-ún sí òdo.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa ìtàn náà tì sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbò Ààrẹ tí wọ́n dì ní ìparí ọdún 2010, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà, nǹkan bíi 3,000 èèyàn ló sì bá a lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ṣe èyí tí agbára wọn ká. Ọ̀rọ̀ ta ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ta ni yóò ṣe ìjọba, kì í ṣe ohun tí góòlù márùn-ún lè yanjú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lápá kejì. Lọ́dún 1969, Honduras àti El Salvador gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti mọ ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Nínú oṣù keje ọdún náà, ogun gidi ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ogun bọ́ọ̀lù ni ayé ń pè é títí dòní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ El Salvador ló ń dáko ní Honduras, ìjọba ibẹ̀ sì ti ń lé wọn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ìjà ló dé lorin dòwe.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ìkórìíra ló ń pa èèyàn nídìí bọ́ọ̀lù, àìbìkítà ni. Lọ́jọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 2001, ní Accra, Hearts of Oak na Asante Kotoko, inú bí àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko, wọ́n sì ń ju àga sórí pápá. Tajútajú ni àwọn ọlọ́pàá yìn sáàárín èrò tó há mọ́ra. Níbi tí wọ́n ti ń sáré wá ọ̀nà àbájáde ni 126 èèyàn ti pàdánù ẹ̀mí wọn. Ká ní ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, tí àwọn aláṣẹ sì fi sùúrù bójú tó èrò, ìbínú ọjọ́ náà ì bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan ilé ìwòran àdúgbò náà. Kì í sábà jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀, owó tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, àìríṣẹ́ṣe náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kì í wo bọ́ọ̀lù bí eré mọ́, gbogbo góòlù tó bá wọlé ni ó ń gún un lọ́kàn. Onílé ìwòran tí kò bá fàyè gba ọtí àti tẹ́tẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti ṣẹ́gun ìdajì ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2024, Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní Bouaké, ní pápá ìṣeré tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Pápá Àlàáfíà. Ṣáájú ọjọ́ náà, iléeṣẹ́ tó ń ṣojú Nàìjíríà ní South Africa ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn, kí wọ́n sì ṣọ́ ibi tí wọn yóò ti wo bọ́ọ̀lù náà. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ, Nàìjíríà sì borí nínú pẹ̀nárítì. Ìlú tí ogun ti pín níyà nígbà kan ló gba àlejò orílẹ̀-èdè méjì tọwọ́tẹsẹ̀, nígbà tí àwọn kan tó jìnnà réré sí pápá náà ń bẹ̀rù láti yọ̀ síta.

Bí ọjà ni bọ́ọ̀lù ṣe rí. Ọjà a máa kó èèyàn jọ láti ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ló ń bá wọn dúnàá-dúrà. Bọ́ọ̀lù yóò mú kí ọ̀tá méjì jókòó papọ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n bá bá ara wọn sọ nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìparí, ọwọ́ tiwọn ló kù sí.