Ọ̀rọ̀ "ọjọ́" tí kọ̀ǹpútà ò rí: bí mo ṣe bá wọn dé ibi ọ̀wẹ̀ open source

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọjọ́. Ẹ rí i, àbí? Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kọ iṣẹ́ kan lórí ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀rọ̀ náà wà níwájú mi gbangba. Mo ní kí ètò náà bá mi wá a, ló bá ní kò sí. Mo tún un tẹ̀, ó ní kò sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe ń wádìí ìdí tí kò fi rí i ló sọ mí di ọ̀kan lára àwọn tó ń tún ètò yẹn ṣe.

Kí ni open source gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀fọ́ rírò lọ́wọ́ olóúnjẹ, ẹ máa jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ ò ní mọ bó ṣe sè é. Bí ọ̀pọ̀ app tá à ń lò ṣe rí nìyẹn. Ti open source yàtọ̀: wọ́n gbé ọbẹ̀ fún yín, wọ́n tún kọ bí wọ́n ṣe sè é síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹ lè fi iyọ̀ kún un, ẹ sì lè pín èyí tẹ́ ẹ tún sè fáwọn ẹlòmíì. Ìwé àṣẹ tó bá a rìn ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ yẹn.

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Finland nígbà yẹn, gbé Linux jáde. Tó bá jẹ́ fóònù Android lẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Linux ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà ò fi rí "ọjọ́"

Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ìlànà kan tó ń jẹ́ Unicode ló ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Lẹ́tà "é" táwọn Faransé ń lò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9. "Ọ" kékeré tiwa náà ní, U+1ECD. Àmọ́ "ọ́", tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà tiẹ̀ rárá. Ńṣe la máa ń tò ó pọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tá a lè gbà tò ó ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan lè mú "ọ", kó wá gbé àmì ohùn òkè lé e lórí: nọ́ńbà méjì nìyẹn. Òmíì lè mú "ó", kó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀: méjì náà ni, àmọ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè bẹ̀rẹ̀ látorí "o" lásán, kó fi àmì méjèèjì kún un: ó di mẹ́ta. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Fóònù ni mo fi kọ ìdajì iṣẹ́ mi, kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ ìyókù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Oògùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú Unicode, normalization ni wọ́n ń pè é. Ètò máa kọ́kọ́ to gbogbo ẹ̀ sí ọ̀nà kan náà kó tó fi wọ́n wéra. Àwọn tó kọ ètò tèmi ò fi sí i. Wọn ò ṣe é níkà. Kò tíì sẹ́ni tó ń fi Yorùbá kọ̀wé tó wá sọ fún wọn ni.

Mo kan ilẹ̀kùn

Mo kọ ẹ̀sùn mi síbi tí wọ́n ń gba ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tí mi ò rí rí fèsì, ó ní kí n fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́. Mo fi "ọjọ́" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Ó ní ó ti yé òun, ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi? Àyà mi já. Ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni mo kọ, ó sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń mú kí ètò falẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n kọ àyẹ̀wò tì í. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Nígbà tí mo tún èsì wọn kà ni mo rí i pé kóòdù ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe èmi. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n mọ kóòdù jù mí lọ, èmi mọ àmì ohùn. Ní báyìí, "ọjọ́" wà nínú àyẹ̀wò ètò yẹn. Nígbàkígbà tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ yí nǹkan padà níbẹ̀, yálà ó gbọ́ Yorùbá tàbí kò gbọ́, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wá "ọjọ́". Tí ò bá rí i, ìyípadà yẹn ò ní wọlé.

Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe ìjẹkújẹ

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á pe ará àdúgbò, wọ́n á jọ po amọ̀, onílé á se oúnjẹ. Lọ́la, ó di ti ẹlòmíì. Ẹni tó ń jẹun ọ̀wẹ̀ àmọ́ tí kì í gbé ọkọ́, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n.

Nínú open source, àwọn tó ń jẹun pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ọkọ́ lọ. Ẹ wo xz, ètò kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀, tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. Ẹnì kan ló ń tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbowó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ Jia Tan bá yọjú, ó ń ràn án lọ́wọ́ títí wọ́n fi fọkàn tán an. Lẹ́yìn náà ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa mọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà òun láti ọ̀nà jíjìn ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tú u wò, àṣírí tú. Gbangba tí iṣẹ́ náà wà ló jẹ́ kó lè tú u wò. Àmọ́ ká ní kò sẹ́ni tó bìkítà ńkọ́?

Torí náà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kóòdù kọ. Tí ètò kan ò bá ka àmì ohùn yín, ẹ lọ sọ. Ẹ bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá. Ẹ ka gbólóhùn díẹ̀ fún Common Voice ti Mozilla, Yorùbá wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tó ń dá nìkan tọ́jú nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.