Àbá Tí Ó Ń Díje Lórí Àtúnṣe Èdè: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àkọtọ́ Yorùbá àti Èdè Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà
Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "aiye" nínú ìdánwò ní Adó-Èkìtì lónìí lè pàdánù máàkì, bẹ́ẹ̀ ni "aiye" ni ó wà nínú Bíbélì àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ àgbà ń kà. Bí ó bá béèrè ìdí, kò tó kí olùkọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ìjọba wí.

Àkọtọ́ Yorùbá
Ní ọdún 1875, àwọn òjíṣẹ́ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́. Ibẹ̀ ni lílo ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, àìbáramu kò tán. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1965. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1966. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1969. Ní 1974, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní. Ìpinnu wọ̀nyí ní ìdí. "Aiye" di "ayé" nítorí pé ẹnu kò pe "i" inú rẹ̀. "Offa" di "Ọ̀fà" nítorí pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú èdè Yorùbá.

Èdè Python
Python jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wo inú rẹ̀ kí ó sì dábàá àtúnṣe. Láti ọdún 2000, àbá pàtàkì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí ó ní nọ́ńbà, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì dárúkọ àwọn èrò mìíràn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò tí wọ́n sì kọ̀. PEP ni wọ́n ń pè é. Guido van Rossum tí ó dá èdè náà sílẹ̀ ni ó ń sọ abẹ gé e, títí ó fi kúrò ní ipò náà ní 2018 lẹ́yìn awuyewuye lórí PEP 572. Àbá méje ni ó díje lórí irú ìṣàkóso tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìbò gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún wọlé. Ní 2021, ìgbìmọ̀ náà gba PEP 634, ó sì kọ PEP 642 tí ó bá a díje. Èyí tí wọ́n kọ̀ kò sọnù. Ó wà nípamọ́ kí ẹlòmíràn lè kà á.

Ìyàtọ̀ Tí Ó Wà Níbẹ̀
Kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò bá òfin èdè rẹ̀ mu. Àkọtọ́ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀: "Offa" àti "Oshogbo" ṣì wà lára pátákó títí di òní. Olùkọ́ wà lára àwọn tí ó ń mú òfin àkọtọ́ ṣẹ, ìdí òfin náà sì ni ohun èlò rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí olùkọ́ kọ "aiye" àti "ayé" sí ojú pátákó papọ̀, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pè wọ́n, kí wọ́n sì fi etí ara wọn ṣe ìdájọ́. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí kò ní fi ojú òpè wo Bíbélì bàbá rẹ̀ àgbà.