Ẹrù Ló Wo Ẹsẹ̀ Sàn

Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, kí ẹ wo àwọn alábàárù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà kì í dorí kọ àpò ìrẹsì. Ẹrù tí apá rẹ̀ ká ló ń gbé: á ká òṣùká, á tẹ orúnkún, ẹlòmíì á bá a gbé e rù. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń le, tí ẹrù náà sì ń tóbi. Èyí tí ibà dá dúró nílé kì í padà sídìí àpò ńlá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde.

Àwa tí à ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ńkí-pósì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Ìsọlọ̀ àti Máfolúkù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, inú gosiló àti orí àga la wà. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, a ó fi wákàtí méjì sáré lórí kọnkéré. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á ti gan. A ó fi Robb ra á, a ó lo oògùn ara ríro, a ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrora á lọ, a ó padà sídìí bọ́ọ̀lù, ìrora á tún dé. Ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá tí wọ́n tipa báyìí pa á tì.

Ìrora lè lọ kí agbára má tíì dé. Iṣan líle tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ gìgísẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kì í tètè tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹrù bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ ló ń hun fọ́nrán tuntun. Ìsinmi nìkan ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan ní Umeå, lórílẹ̀-èdè Swídìn, Håkan Alfredson, ní irú ìrora yìí. Wọ́n ní ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, ọ̀gá kọ̀. Ló bá pinnu láti fi ìdárayá líle já iṣan náà pátápátá, kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà tipátipá. Iṣan kò já, ó sàn ni. Ní 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn 15 tí gìgísẹ̀ ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo wọn ti padà sáré bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Èèyàn á fi iwájú ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sókè, á gbé ẹsẹ̀ tó dá ṣáká kúrò, á wá jẹ́ kí gìgísẹ̀ tó ń dùn rọra sọ̀ kalẹ̀ kọjá etí àtẹ̀gùn. Ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún títọ́, iye kan náà pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí kò bá dùn mọ́, wọn kò ní kó dáwọ́ dúró. Báàgì ni wọ́n ní kó gbé kọ́ ẹ̀yìn, kó di ẹrù sínú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 tún fi hàn pé ẹrù tó wúwo, tí a rọra ń gbé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ń ṣe dáadáa bákan náà.

Tóbi Amúsàn, ọmọ Nàìjíríà tó ń sáré fo ìdènà, pàápàá, kó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sáré ní Eugene, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní July 2022, ẹsẹ̀ ti yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ló béèrè fún, kò jókòó sílé.

Bí ẹ bá gbọ́ “pọ́ọ́” lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí ẹ kò lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, ẹ má ra á, ẹ má fà á. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ìgbóbì, tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun àti iṣan láti 1945, kò jìnnà sí Òṣòdì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú bọ́ọ̀lù, kí ẹ wo bí gìgísẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dín in kù. Bí kò bá gan, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.