Páùdà Inú Agolo àti Sóyà Inú Ògì

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láàárín wa bèèrè fún ẹ̀yáwó. Ó ní ọmọkùnrin òun tó ń gbé irin fẹ́ ra páùdà inú agolo, èyí tí wọ́n máa ń pò mu kí iṣan lè yọ. Ariwo sọ! Àwọn kan ní ìfowóṣòfò ni, àwọn kan ní ẹ jẹ́ kó rà á. Ìdí nìyí tí a fi ní ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà níbí.

Ohun tó wà nínú agolo yẹn ni amúaradàgbà, tí olóyìnbó ń pè ní púrótéènì. Òun ni ara fi ń tún ara ṣe. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Sóyà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi 36. Dòdò Ìkirè wa dùn, ó sì ń fún ni lókun, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ògì lásán náà kò ní púpọ̀.

Láti 1987 ni ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ará ilé bí a ti ń fi sóyà sínú oúnjẹ wa. Ẹ ṣa sóyà, ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ má lò ó ní tútù o! Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí inú lo amúaradàgbà dáadáa, iná ló ń borí rẹ̀. Ẹ po ìwọ̀n ògì gbígbẹ 7 mọ́ sóyà 3, kẹ́ ẹ sè é jinná. Ìyẹ̀fun yìí gíráàmù 100 á fún ni ní nǹkan bíi 15.

Ẹni tó ń gbé irin: gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan tó o lóòjọ́. Ẹni kílò 70 nílò 112, kó pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, 28 lẹ́ẹ̀kan. Ògì tí a fi ìyẹ̀fun gíráàmù 100 sè, pẹ̀lú ẹyin 2, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Kò sí pé ó gbọ́dọ̀ sáré mu ún bó ṣe ju irin sílẹ̀. Àpapọ̀ ọjọ́ ló jù.

Ẹni tó fẹ́ kí ara òun fúyẹ́: kó mu ún láìsí ṣúgà, dípò oúnjẹ kan, kì í ṣe lé oúnjẹ lórí.

Àgbàlagbà: 1 sí 1.2 fún kílò kan. Kó má fi gbogbo ẹran ọjọ́ dúró de alẹ́. Kó jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ọmọ ọwọ́: ọmú nìkan títí oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ògì sóyà tó ki, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, kí ọmú má sì dá.

Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

A padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Nígbà tí a bi í léèrè síwájú sí i, a gbọ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún kan wà nílé kan náà, ògì lásán ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú tì wá pé a kò kọ́kọ́ bèèrè nípa èyí. Ó fa ìwé ẹ̀yáwó náà padà, ó ra sóyà. Ọmọkùnrin náà ló sì ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí ìkòkò kan náà ni òun àti ọmọ kékeré yẹn ń mu nínú rẹ̀ báyìí.