Iṣẹ́ Tí Ìgbìmọ̀ Ń Ṣe Nínú Àjọ Tó Ń Ran Ọmọ Tó Ní Jẹjẹrẹ Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọmọdé ló ṣeé wò sàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún káàkiri ayé, láti orí ìkókó títí dé orí ọmọ ọdún 19. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó, wọn kì í pé 30. Ó máa ń pẹ́ kí àwọn òbí tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn, oògùn máa ń wọ́n, owó sì máa ń tán kí ìtọ́jú tó parí.

Ibi tí owó ti ń tán yìí ni àjọ aláàánú ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn la máa ń rí ní wọ́ọ̀dù: wọ́n ń san owó àyẹ̀wò, wọ́n ń ra oògùn, wọ́n ń wá ibi tí ìyá ọmọ máa sùn sí. Àwọn tí a kì í sábà rí ni ọmọ ìgbìmọ̀, àwọn tó yọ̀ọ̀da ara wọn láìgbowó oṣù. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i dájú pé ìrànlọ́wọ́ tí àjọ bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ kan kò dúró lágbedeméjì.

Ohun tí òfin sọ

Ní Nàìjíríà, irú àjọ bẹ́ẹ̀ máa ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin ọdún 2020 tí a mọ̀ sí CAMA. Àwọn trọ́stíì ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí dúkìá àjọ wà níkàáwọ́ wọn. Nínú àjọ kéékèèké, àwọn náà ló sábà máa ń jẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí. Kí CAC tó fọwọ́ sí i, a ó kéde ìforúkọsílẹ̀ náà nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá sì ní ẹ̀hónú ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé. Ọmọdé kò lè jẹ́ trọ́stíì. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò lè jẹ ẹ́.

Òfin yìí kan náà ní kí gbogbo owó tó bá wọlé lọ sí ohun tí a torí rẹ̀ dá àjọ sílẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ olówó oṣù nínú àjọ náà. Bó bá ná owó àpò ara rẹ̀ fún iṣẹ́ àjọ, wọ́n lè dá a padà fún un. Lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìròyìn àjọ ránṣẹ́ sí CAC.

Àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀

Ìgbìmọ̀ tó dára máa ń ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ jẹjẹrẹ ọmọdé, oníṣirò owó, amòfin, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá owó. Ẹni tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé ni òbí tí ọmọ rẹ̀ ti gba irú ìtọ́jú yìí rí. Oníṣirò owó lè mọ iye tí oògùn jẹ́, ṣùgbọ́n òbí ló mọ̀ pé ìyá tó ń gbé ọmọ láti Ṣakí wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kò ní lè pa ọjà rẹ̀ tì fún oṣù mẹ́fà, àti pé àwọn ọmọ yòókù wà nílé tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ bọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ìgbìmọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọn kì í sọ oògùn tí dókítà máa lò, wọn kì í sì í yan ọmọ tí owó máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Òfin ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe sílẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì máa tẹ̀ lé e. Nípa bẹ́ẹ̀, bí alága bá tẹ òṣìṣẹ́ láago pé kí wọ́n ti ọmọ ìbátan òun síwájú, òṣìṣẹ́ náà ní ohun tó lè fi dá a lóhùn.

Ìṣirò tó le jù

Ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Ti Burkitt, tó máa ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, sábà máa ń parí láàárín oṣù mélòó kan. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó pín owó.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé àjọ kan ní mílíọ̀nù 12 náírà ní báńkì, tí ọmọ kan tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì ń ná wọn ní 600,000 lọ́dún. Ojú àánú á ní kí wọ́n gba ọmọ 20 lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn kò bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ogún ọmọ ló máa wà láìsí oògùn. Fún ọdún mẹ́ta, ọmọ kan á ná wọn ní mílíọ̀nù kan àti 800,000. Ọmọ mẹ́fà ni owó ọwọ́ wọn lè gbé délé láìgbọ́kàn lé ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ló máa pinnu bóyá mẹ́fà ni wọ́n á gbà, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ wá olówó tó máa ṣe ìlérí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbà sí i. Ìpinnu náà máa ń dunni, nítorí ọmọ keje ní orúkọ, ó sì ní ìyá. Síbẹ̀, ìtọ́jú tó dúró lágbedeméjì lè jẹ́ kí àrùn padà, kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń béèrè nípàdé

Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Akápò á ka ìròyìn owó: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: ọmọ mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, mélòó ló parí rẹ̀, mélòó ni kò wá nígbà tí dókítà dá ọjọ́ fún wọn?

Ìbéèrè kẹta yìí ló ń gba ẹ̀mí là. Tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ ọdún kejì, irun ọmọ á ti hù padà, á ti máa sáré kiri, òbí á sì rò pé ó ti yá. Bẹ́ẹ̀ oògùn ò tíì tán. Bí ìròyìn bá fi hàn pé ọ̀pọ̀ ń sá ní àsìkò yìí, ìgbìmọ̀ á ní kí wọ́n wádìí ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni, wọ́n á fi kún owó ọkọ̀. Bó bá jẹ́ àìmọ̀ ni, wọ́n á gba ẹni tí á máa pe òbí lórí fóònù.

Ìgbìmọ̀ náà ló ń ṣọ́ orúkọ àjọ. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ní ilé oògùn tí àjọ fẹ́ rajà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kó sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń dìbò lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò àwọn ọmọ tí àjọ ń gbé síta: òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó nílò ààbò tó nípọn. Òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ní kí wọ́n má ya fọ́tò ọmọ òun, oògùn ọmọ náà kò ní dúró.

Bí wọ́n bá pè ọ́

Bí wọ́n bá pè ọ́ sí irú ìgbìmọ̀ báyìí, ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé òfin àjọ, ìròyìn owó ọdún méjì sẹ́yìn, àti iye ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí fún. Wá wò ó bóyá o lè máa ráyè wá, kí o máa ka ìwé kí o tó wá, kí o sì lè béèrè ọ̀rọ̀ tó le lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó dá àjọ sílẹ̀. Bí àyè ìyẹn kò bá sí, máa fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ lóṣooṣù, kí o sì fi ìjókòó náà sílẹ̀ fún ẹni tó máa ráyè. Iye díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lè ṣe ìlérí ọdún mẹ́ta fún ọmọ keje.