Ẹ Jẹ́ Ká Máa Wálé Nígbà tí Kò Sí Ìnáwó: Ètò Ìrìn-àjò Òpin Ọ̀sẹ̀ láti Èkó sí Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Èkó. Àwọn mìíràn nínú wa gan-an, Èkó ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń fi owó àjẹṣẹ́kù wọn ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan gbogbo wa: bí a ṣe lè kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Abẹ́òkúta ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a sì padà sí Èkó láìfarapa àti láìjẹ gbèsè.

Ohun méjì ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ wá sí ọ́fíìsì láti gba ẹ̀yáwó pàjáwìrì. A bi í pé kí ló dé. Ó ní àwọn ọmọ òun ń bọ̀ láti Èkó fún ìnáwó kan lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ni táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, mọ́tò sì lọ gbá irin ẹ̀bá títì. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí ìyá wọn fi ra ọjà ló bá àtúnṣe mọ́tò lọ. Nígbà tí a wádìí sí i, táyà ọ̀hún ti lé ní ọdún méje, agogo méje alẹ́ ni wọ́n tó kúrò l'Ékòó, ènìyàn méje ló sì há sínú mọ́tò ènìyàn márùn-ún. Kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é o. Àìṣètò ni.

Èkejì, ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa tí ó mú gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun mọ ojú òun dáadáa nínú fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n tíì wálé, ìsìnkú ni ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ìgbà tí èmi náà bá lọ ni wọn ó tún wá?" Kò sí ẹni tó lè dá màmá lóhùn.

Bí a ti rò ó nìyí: oníṣòwò tó gbọ́n kì í déédéé dìde lọ sọ́jà. Ó ti mọ ọjọ́ ọjà, ó ti mọ owó ọkọ̀, ó ti mọ iye tí òun fẹ́ ná àti ìgbà tí òun ó padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí a ṣètò wíwálé.

ỌJỌ́ TÍ A Ó WÁ

Ẹ mú ọjọ́ tí kò sí ìnáwó kankan nínú ẹbí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ìnáwó bá wà, aṣọ ẹbí, owó ìdáwó àti àlejò yóò gba gbogbo àyè, ọmọ kò sì ní ráyè jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìjọ Redeemed máa ń ṣe ìsìn òru ńlá ní àgọ́ wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Bákan náà ni àpéjọ ńlá wọn nínú oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá. Ẹni tí kò bá ń lọ síbẹ̀, kó yan ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ẹ má sì gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ rárá. Ìgbà náà ni gbogbo Èkó ń tú jáde. Ẹ sùn, kí ẹ gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Oorun alẹ́ kan yẹn sàn fún dírẹ́bà ju ife kọfí mẹ́wàá lọ.

Ọ̀NÀ TÍ A Ó GBÀ

Ọ̀nà mọ́tò méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan gba Sango Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Ìtórí kọjá. Òun ló kúrú jù fún ará Agége, Ìkẹjà àti Abúlé-Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó ti ń fìyà jẹ mọ́tò láti ọdún pípẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. A ó gba Ìbàfò àti Mowé dé oríta Ṣàgámù, a ó wá yà sí òsì, gba Kóbapẹ́ wọ Abẹ́òkúta. Ó fi díẹ̀ jìn jù ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó rọ àwọn ará Kétu, Ọ̀jọ́ta àti Lẹ́kí lọ́rùn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ẹnìkan tó gba ọ̀nà náà kọjá lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ bi í bí ó ti rí. Ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá kò tó.

Ọ̀nà kẹta ni ti rélùwéè. Láti 1901 ni ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ti ìgbàlódé, tó jẹ́ kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ tiwa wà ní Láderin, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi pè é. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tàbí tí mọ́tò rẹ̀ kò dá a lójú, kó wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ wádìí àkókò rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ó máa ń kún ní òpin ọ̀sẹ̀. Láderin kò sí láàárín ìlú, nítorí náà ẹ fi owó tí ẹ ó fi wọlé láti ibẹ̀ kún un.

MỌ́TÒ ÀTI ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀ Sátidé kí ẹ tó yẹ mọ́tò wò. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú ni kí mẹkáníìkì ti wo bírékì, omi, ọ́ìlì, iná àti táyà àpapọ̀jù, kí àyè lè wà láti tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe.

Táyà ní ọjọ́ orí, bí kò tilẹ̀ tíì jẹ rárá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí a má lo táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ra fún táyà "tòkunbọ̀" tó ń dán. Dídán rẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Ènìyàn márùn-ún ni mọ́tò kékeré ń gbé. Kí gbogbo wọn de bẹ́lítì, tó fi mọ́ àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Kí a má gbé ọmọdé sórí ẹsẹ̀ níwájú. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin gbà fún mọ́tò ilé lójú ọ̀nà márosẹ̀, 50 ni láàárín ìlú. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín lónìí.

OWÓ

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́n jù. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò fún ẹbí ènìyàn márùn-ún. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye ọjọ́ yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti yíyí ká ìlú, gba epo lítà 25, tí lítà kan jẹ́ N1,000: N25,000 nìyẹn. Oúnjẹ, N20,000. Owó ìwọlé síbi tí a fẹ́ wò, N10,000. Ẹ̀bùn fún àwọn àgbà, N15,000. Owó ìpamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, N20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N90,000.

Ẹni tó bá wá owó yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú owó ọjà ni yóò ti mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi N7,500 pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni yóò pé. A bẹ̀ yín, ẹ má gba ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ fún fàájì. Ẹ̀yáwó wà fún ohun tó ń mú owó wọlé. Ìgbafẹ́, owó tí a ti jẹ tó ṣẹ́kù ni ká fi ṣe é. Orúkọ ẹgbẹ́ wa gan-an ló wí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ A Ó ṢE NÍ ILÉ

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ara yín di ẹrù lé wọn lórí o. Ẹ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì mú aṣọ ìbora wá. Kò yẹ kí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún máa pọnmi kiri nítorí àlejò. Ẹ jẹ́ kó ro àmàlà láfún bó bá fẹ́ rò ó, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ fọ abọ́.

Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ lọ sí Olúmọ. Orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ̀dó sí ní 1830, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ ìlú wọn àtijọ́. Ẹ fi ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí han àwọn ọmọ, kí wọ́n rí ojú òkúta tí àwọn ìyá wọn ti ń lọ nǹkan jíjẹ nígbà ogun. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè náà wà, ẹ béèrè bí ó bá ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó mú arúgbó lọ. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Láti ibẹ̀, Ìtòkú kò jìnnà. Ọjà àdìrẹ ni, púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ sì ní ìsọ̀ níbẹ̀. A rọ ẹ̀yin oníṣòwò wa: bí ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà sí Èkó bá wá rajà, ẹ má tìtorí pé kò mọ̀ ọ́n ná kí ẹ wọ́n owó lé e lórí. Ẹ ṣàlàyé fún un bí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ àti bí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sínú aró. Yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn dání.

Ní Sunday, ẹ lè yà sí Aké, ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn tó bá fẹ́ ibi ńlá fún ọmọdé lè lọ sí ibi ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn, tí wọ́n ṣí ní 2017. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan tàbí méjì tó. Ìyókù dúró de ìgbà mìíràn.

ÌPADÀSÍ ÈKÓ

Kó má ju agogo méjì ọ̀sán Sunday lọ. Àwọn tó bá dúró jẹun alẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ń bá lọ, pẹ̀lú oorun lójú. Bí màmá bá ní ẹ ṣì dúró díẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé nítorí kí ẹ lè tún wá ni ẹ ṣe ń tètè lọ, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún wá fún un kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìfowópamọ́ àkànṣe fún wíwálé, ẹ wá sí ọ́fíìsì kí a ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún yín nínú ìwé ìfowópamọ́ yín. Màmá tó béèrè ìbéèrè yẹn ṣì wà láàyè, ó ń wá sí ìpàdé. A fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn wá dá a lóhùn.

Àlọ re, àbọ̀ re o.