Àbàwọ́n Abẹ́ Aṣọ: Ohun Tí Ẹ̀rọ PET-CT Lè Rí àti Èyí Tó Lè Fò Dá

Kókó tó ń wú ní ọrùn tàbí abíyá ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Ṣùgbọ́n ó ń mú awọ ara pẹ̀lú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti awọ bẹ̀rẹ̀ ni mycosis fungoides, tí dókítà ará Faransé nì, Jean-Louis Alibert, ti ṣàpèjúwe láti 1806. Abẹ́ aṣọ ló sábà máa ń ti yọ: ìdí, itan, ikùn. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè dà bí àbàwọ́n tó mọ́ ju awọ ìyókù lọ, ká máa pè é ní làpálàpá, ká máa fi ìpara ra á fún ọdún púpọ̀.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé lymphoma ni, dókítà lè ní kí aláìsàn lọ ya àwòrán PET-CT, kí wọ́n lè mọ ibi tó tàn dé. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà ju àwọn tó kù lọ, nítorí náà ibi tó wà á máa tàn nínú àwòrán. Aláìsàn kò ní jẹun fún bíi wákàtí 4 sí 6 ṣáájú (omi lásán kò dí i lọ́wọ́, kì í ṣe ààwẹ̀ Ramadan). Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí oyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí nìyí. Kókó tó ki lára awọ, ẹ̀rọ náà sábà máa ń rí i. Àbàwọ́n pẹlẹbẹ, ó lè má rí i rárá. Eéwo tàbí egbò náà sì lè tàn bíi jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé awọ díẹ̀ lọ wò lábẹ́ máíkíróskóòpù. Yàtọ̀ síyẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, láti ìsàlẹ̀ agbárí dé agbedeméjì itan ni wọ́n máa ń yà. Ojúgun kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú lymphoma kan wà tó jẹ́ pé ojúgun àwọn àgbàlagbà, pàápàá àwọn ìyá, ló ti sábà ń yọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà rí gbogbo awọ ara ṣáájú, kó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n ya ẹsẹ̀ àti apá mọ́ ọn. Ìtìjú ń mú kí àwọn ìyá wa kan fi itan pamọ́. Àwọn onímọ̀ Islam gbà kí oníṣègùn wo ìhòhò nígbà tó bá pọn dandan, ní ìwọ̀n tí àìsàn náà béèrè. Ẹ lè bèèrè fún dókítà obìnrin, tàbí kí ọkọ yín wà níbẹ̀. Àbàwọ́n tó ti pé oṣù mélòó kan tí ìpara kò ràn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.